Sultan Abu Bakar ti Johor: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wáyé Léraléra àti Ìdáhùn Wọn

Ta ni Sultan Abu Bakar?

Ọba Johor ni, ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Màláyù, níbi tí ilẹ̀ ti tán tí omi tóóró kan sì là á kúrò lára erékùṣù Síńgápọ̀. Lónìí, Johor wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó para pọ̀ di Màléṣíà. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1833 ni wọ́n bí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso ní 1862, ó sì wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1895, lẹ́ni ọdún 62.

Baba Johor Òde Òní ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Oyè mẹ́ta ló jẹ tẹ̀léra wọn: Temenggong ní 1862, Maharaja ní 1868, Sultan ní 1885. Oyè àkọ́kọ́ nìkan ló jogún. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá méjì yòókù ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtàn rẹ̀ wà.

Níbo ni wọ́n bí i sí, irú ẹ̀kọ́ wo ló sì kọ́?

Teluk Blangah ni, létí òkun Síńgápọ̀. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Temenggong Daing Ibrahim, fi ṣe ibùjókòó nígbà náà. Bàbá àgbà rẹ̀, Temenggong Abdul Rahman, wà lára àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Stamford Raffles, aṣojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1819, ìwé tó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láyè láti tẹ ibùdó òwò dó sí Síńgápọ̀. Ìran tó ti ń bá òyìnbó dòwò pọ̀ tipẹ́ ló ti wá.

Ilé ẹ̀kọ́ tí míṣọ́nnárì kan, Benjamin Keasberry, dá sílẹ̀ ládùúgbò náà ló lọ. Ó mọ èdè Màláyù kọ, ó mọ̀ ọ́n kà, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Kò di ọmọlẹ́yìn Kírísítì. Mùsùlùmí ni títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ bí òyìnbó ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, àti ohun tí wọ́n kà sí iyì. Ìmọ̀ yìí wúlò fún un ju ohun ìjà èyíkéyìí lọ.

Kí ni Temenggong?

Ìjòyè ńlá ni, kì í ṣe ọba. Nínú ètò àtijọ́ àwọn Màláyù, òun ló ń mójú tó ààbò ìlú, tó ń ṣọ́ ọjà àti èbúté, tó sì ń fìyà jẹ arúfin. Sultan wà lókè rẹ̀, Bendahara, ìyẹn olórí àwọn ìjòyè, náà sì wà lókè rẹ̀.

Báwo ni ìdílé ìjòyè ṣe wá di ẹni tó ni Johor?

Nígbà tí Sultan Mahmud, ọba Johor àti Riau, wàjà ní 1812, ọmọkùnrin méjì ló fi sílẹ̀, Hussein àti Abdul Rahman (kì í ṣe Temenggong tó ń jẹ́ orúkọ kan náà), kò sì sọ èyí tí yóò jọba. Àbúrò ni wọ́n fi sórí oyè ní Riau, àwọn erékùṣù tó wà ní gúúsù Síńgápọ̀. Raffles nílò Sultan tí yóò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní 1819, ló bá lọ mú ẹ̀gbọ́n jáde, ó sì pe òun náà ní Sultan. Ní 1824, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Dutch pín òkun ibẹ̀ láàárín ara wọn, bí ilẹ̀ ọba kan ṣe pín sí méjì nìyẹn: àwọn erékùṣù Riau bọ́ sábẹ́ Dutch, Johor tó wà lórí ilẹ̀ sì bọ́ sí ìhà àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdílé Hussein ní orúkọ, wọn ò lówó lọ́wọ́. Ìdílé Temenggong lówó, wọ́n sì ní ọmọlẹ́yìn. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1855, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ìhà méjèèjì jókòó. Ali ọmọ Hussein gba oyè Sultan, pẹ̀lú 5,000 dọ́là lẹ́ẹ̀kan àti 500 dọ́là lóṣooṣù. Ó gbé Johor fún Temenggong Ibrahim títí láé, àyàfi ilẹ̀ kékeré kan ní Kesang, lẹ́bàá Muar. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ń jẹ́ Sultan kò ní ìlú, ẹni tó sì ni ìlú kò jẹ́ Sultan. Ogójì ọdún tó kù ní ayé Abu Bakar, àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí ló fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe.

Owó wo ni ìdílé náà ní?

Oje igi ni. Nínú igbó Johor ni igi kan wà tí wọ́n ń pè ní gutta-percha. Bí oje rẹ̀ bá gbóná, á rọ̀, bó bá tutù, á le, omi òkun kò sì lè bà á jẹ́. Ní àwọn ọdún 1840, àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i pé òun ló dára jù láti fi wé wáyà tẹ́lígíráàfù tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ òkun láti fi ránṣẹ́. Temenggong Ibrahim rán àwọn èèyàn rẹ̀ sínú igbó, ó sì rí i dájú pé ọwọ́ òun ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gé igi náà lulẹ̀ kí wọ́n tó gba oje ara rẹ̀ ni, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n.

Lẹ́yìn tí oje igi wọ́n, kí ni Johor ń jẹ?

Gambier àti ata. Gambier jẹ́ igi kékeré. Wọ́n máa ń já ewé rẹ̀, wọ́n á sè é nínú agbada ńlá títí omi rẹ̀ á fi ki, wọ́n á wá gé e ní bùlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a gbẹ. Àwọn tó ń ṣe awọ ní Yúróòpù ló ń rà á. Ata tí a sì ń wí yìí ni blakpẹ́pà, ìbátan iyèré wa. Ìdí tí wọ́n fi ń gbin méjèèjì pọ̀ ni pé ewé gambier tí wọ́n ti sè tán ni wọ́n ń dà sídìí ata láti fi ṣe ajílẹ̀. Igi igbó tó wà nítòsí ni wọ́n sì fi ń dáná. Bí ọdún bá ti tó bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilẹ̀ á ti ṣá, igi ìdáná á ti tán, àgbẹ̀ á sì ṣí lọ síwájú.

Àwọn ará Ṣáínà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ Síńgápọ̀ ti ṣá mọ́ wọn lọ́wọ́, Johor sì ní igbó tó kún fọ́fọ́. Temenggong máa ń fún olórí wọn níwèé, surat sungai ni wọ́n ń pè é, ìwé tó fún un láṣẹ lórí odò kan àti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Olórí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kangchu. Òun ló ń kó òṣìṣẹ́ wá, tó ń yá wọn lówó, tó sì ń pààlà. Ẹni tó lókìkí jù nínú àwọn oníṣòwò yìí ni Tan Hiok Nee. Títì kan ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Johor Bahru títí dòní.

Ibi tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìwé yẹn kan náà ló fún kangchu láṣẹ láti ta ópíọ̀mù, ìyẹn oògùn olóró kan, àti láti dá ilé tẹ́tẹ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ á gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá lówùúrọ̀, á sì kó o padà fún ọ̀gá kan náà lálẹ́ fún ópíọ̀mù. Owó orí ópíọ̀mù wà lára ohun tó gbé ìjọba Johor ró, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń jẹ ẹ́ ní Síńgápọ̀. Ẹni tó bá ń yin ààfin àti títì tí Abu Bakar kọ́ gbọ́dọ̀ rántí àwọn tó ru ẹrù náà. Ọdún 1917, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni wọ́n tó fòpin sí ètò kangchu.

Ta ló tẹ Johor Bahru dó?

Bàbá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1855, ní Tanjung Puteri, lódìkejì omi sí Síńgápọ̀. Abu Bakar ló sọ ọ́ di olú ìlú gidi. Ní 1866, ó sọ ọ́ ní Johor Bahru, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n parí Istana Besar, ààfin ńlá tó kọjú sí omi. Ilé ẹ̀kọ́, ọlọ́pàá, kóòtù, ilé ìfìwéránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó dáwọ́ lé ló yọrí sí rere. Ní 1869, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà reluwé kan tó fẹ́ gbé lọ sí òkè Gunung Pulai. Pákó ni wọ́n fi ṣe irin rẹ̀, torí igi pọ̀, irin sì wọ́n. Ikán jẹ ẹ́.

Kí ló lọ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1866?

Ó lọ rí Ọbabìnrin Victoria. Kò wọ́pọ̀ nígbà náà kí ọba Màláyù wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Yúróòpù. Gómìnà Síńgápọ̀ ni wọ́n kọ́ wọn láti máa bá sọ̀rọ̀, gómìnà ló sì máa ń pinnu ohun tí Lọ́ńdọ̀nù yóò gbọ́. Abu Bakar fo gómìnà kọjá. Ó jókòó láàárín àwọn tó ń pàṣẹ fún gómìnà, ó bá wọn jẹun, ó bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá di kò-ṣeé-gbé ní Síńgápọ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé e lọ.

Báwo ló ṣe di Maharaja?

Nígbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rí i pé Temenggong kò yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè kàn jí lówùúrọ̀ kó sọ ara rẹ̀ lórúkọ tuntun, torí àwọn Màláyù kò ní gbà. Ó rán èèyàn lọ sí Riau láti bi Raja Ali Haji, ọ̀mọ̀wé tó mọ ìtàn àwọn ọba Màláyù jù lásìkò yẹn, bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìran wọn ti jẹ Maharaja rí. Wọ́n rí àpẹẹrẹ nínú ìtàn. Ní 1868, ó gba oyè náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fọwọ́ sí i.

Ẹ kíyè sí bó ṣe ṣe é. Ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ àṣà, kó tó lọ gbà á lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà méjèèjì ló máa ń tọ̀ nígbà gbogbo.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Muar?

Sultan Ali kú ní 1877. Ta ló máa jogún ilẹ̀ kékeré tó kù fún un? Àwọn ìjòyè Muar yan Abu Bakar, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà bẹ́ẹ̀. Tengku Alam, ọmọ Ali, kò gbà, torí lójú tirẹ̀ ogún bàbá òun ni wọ́n gbà. Ní 1879, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ gbé ohun ìjà ní Jementah. Ogun náà kò pẹ́, Johor ló ṣẹ́gun. Abu Bakar tẹ ìlú tuntun dó sí ẹnu odò Muar, ó sì fi oyè ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́: Bandar Maharani.

Mo gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ ohun tí àwọn ìjòyè pinnu. Síbẹ̀, ẹni tó bá kàwé àdéhùn 1855 á rí i pé ẹnu ìdílé Ali náà kì í ṣe ẹnu lásán.

Kí ló wà nínú àdéhùn ọdún 1885?

Lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1885 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Weld, gómìnà Síńgápọ̀, ti ń wá bí yóò ṣe fi ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí Johor. Abu Bakar kó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, Abdul Rahman Andak, ẹni tó kàwé ní England tó sì mọ òfin wọn lámọ̀dunjú, wọ́n lọ bá ọ̀gá gómìnà fúnra rẹ̀.

Ohun tó fi sílẹ̀: kò ní bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe àdéhùn láìjẹ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ sí i, kò sì ní dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ìlú tó yí i ká. Ohun tó gbà: wọ́n á dáàbò bò ó bí ọ̀tá láti ìta bá dé, wọ́n á sì máa pè é ní Sultan, òun àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Àdéhùn náà tún sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè fi aṣojú kan sí Johor, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ńsùlù ni yóò máa ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ tó ń pàṣẹ fún ọba. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà láyé, wọn ò rán an wá.

Gbólóhùn kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn èèyàn dá dúró sí. Wọn ò kọ Sultan Johor lásán. Wọ́n kọ Sultan Ìpínlẹ̀ àti Ilẹ̀ Johor. Lọ́nà yẹn, oyè náà kò kan Riau, kò kan ilẹ̀ ọba àtijọ́ tó ti pín, kò sì sí ohun tí àwọn Dutch lè torí rẹ̀ bínú.

Kí ló dé tí Johor bọ́ lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀, tí Perak kò bọ́?

Ní Perak, ìpínlẹ̀ Màláyù mìíràn, àdéhùn Pangkor ti oṣù Kìíní ọdún 1874 sọ pé Sultan gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn ajẹ́lẹ̀, kó sì tẹ̀ lé e lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá kan ẹ̀sìn àti àṣà Màláyù. J.W.W. Birch ni wọ́n kọ́kọ́ rán lọ. Wọ́n pa á ní oṣù Kọkànlá ọdún 1875. Wọ́n yọ Sultan Abdullah lóyè, wọ́n sì kó o lọ sí ìgbèkùn ní Seychelles ní 1877.

Àwáwí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wí níbi gbogbo ni pé rògbòdìyàn wà, pé kò sí òfin, pé oníṣòwò ò lè sùn. Abu Bakar kò fún wọn ní àwáwí kankan. Ìlú rẹ̀ tòrò, ọlọ́pàá wà, ìwé owó wà, àwọn oníṣòwò Síńgápọ̀ ń jèrè níbẹ̀, wọ́n sì ń bá a jẹun. Bí gómìnà bá kọ̀wé pé ó yẹ kí wọ́n gba Johor, Lọ́ńdọ̀nù á bi í pé nítorí kí ni.

Ṣé òótọ́ ni pé ó dé adé bíi ti ọba Yúróòpù?

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1886 ni ìwúyè rẹ̀ wáyé. Aṣọ tí wọ́n ká, tengkolok, ni ọ̀pọ̀ ọba Màláyù ń wé sórí. Adé olókùúta iyebíye ni Johor lò. Lọ́dún yẹn náà ló dá oyè ọlá Darjah Kerabat sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Johor sílẹ̀. Títí di òní, Johor nìkan ni ìpínlẹ̀ tó ní ọmọ ogun tirẹ̀ ní Màléṣíà.

Àmì ìjọba Johor wà níbẹ̀ títí dòní pẹ̀lú ẹkùn méjì, ewé gambier àti ewé ata. Orin ìlú ti wà láti 1879. Ará Armenia kan, Mackertich Galistan, tó jẹ́ olórí àwọn onífèrè, ló kọ ohùn orin náà.

Àwọn wo ni ìyàwó rẹ̀?

Ó fẹ́ ju ẹyọ kan lọ, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe gbà á láyè. Cecilia Lange, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Dẹ́ńmákì, ló bí Ibrahim tó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Fatimah, tó ní ẹ̀jẹ̀ Ṣáínà, ni Maharani tí wọ́n fi oyè rẹ̀ sọ ìlú Muar. Ó kú ní 1891. Khadijah, ará Circassia, wá láti ilẹ̀ Tọ́kì.

Ìlú wo ló rìn dé?

Yàtọ̀ sí England tó lọ léraléra, ó lọ sí Ṣáínà àti Jàpáànì ní 1883, ó sì rí Ọba Meiji. Ní 1893, Sultan Abdul Hamid gbà á lálejò ní Istanbul. Àwọn ọba náà ń wá bá a: Kalākaua, ọba Hawaii, dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1881 nígbà tó ń rìn yí ayé ká, àwọn méjèèjì sì jókòó, wọ́n ń fi ìtàn àtayébáyé ìran wọn wéra.

Ṣé lóòótọ́ ni obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan pè é lẹ́jọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹjọ́ náà sì ṣì wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò káàkiri ayé. Mighell ta ko Sultan Johor ni wọ́n ń pè é. Obìnrin náà, Jenny Mighell, sọ pé ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Albert Baker ṣèlérí pé òun á fẹ́ òun, kò sì mú ìlérí náà ṣẹ. Albert Baker ọ̀hún, Abu Bakar ni.

Kóòtù kò wádìí bóyá ó ṣèlérí tàbí kò ṣe é. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: ṣé ọba tó dá dúró ni ọkùnrin yìí? Wọ́n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ náà sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wá sọ pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn kò láṣẹ lórí rẹ̀, àyàfi bó bá fúnra rẹ̀ gbà níwájú kóòtù pé kí wọ́n dá òun lẹ́jọ́. Orúkọ àdàpè tó lò kò yí ìyẹn padà.

Ìwà tó hù sí obìnrin náà, bí ó bá rí bó ṣe wí, kò dára, mi ò sì ní bò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdájọ́ yẹn ṣe fún Johor pọ̀: ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọba Johor kì í ṣe ọmọ abẹ́ Ọbabìnrin.

Kí ni òfin ọdún 1895?

Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1895, nígbà tí àìsàn ti ń bá a fínra, ó fọwọ́ sí Undang-undang Tubuh Kerajaan Johor, òfin tó sọ bí wọ́n á ṣe máa ṣàkóso ìlú náà. Òun ni ìwé òfin ìjọba àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Màláyù. Abdul Rahman Andak ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀.

Ó sọ irú ẹni tó lè jọba: ọkùnrin, Màláyù, Mùsùlùmí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ọba wà lára rẹ̀. Ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ó tún kà á léèwọ̀ fún ọba èyíkéyìí láti gbé ìlú náà tàbí apá kan rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè Yúróòpù kankan. Àwọn ọba míì ti fi ìka kan ṣoṣo tẹ ilẹ̀ àwọn baba wọn sọnù lórí bébà. Abu Bakar fi bébà de ọwọ́ ọmọ tirẹ̀ àti ti ọmọ ọmọ rẹ̀.

Báwo ló ṣe wàjà?

Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1895. Hótẹ́ẹ̀lì Bailey's, ní South Kensington, ló dákẹ́ sí lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà. Ọkọ̀ òkun gbé òkú rẹ̀ padà, wọ́n sì sin ín ní Johor Bahru lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, ní ibojì àwọn ọba ní Mahmoodiah. Mọ́ṣáláṣí ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1892, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, kò parí títí di 1900. Ó wà lórí òkè tó kọjú sí omi, àwọn ilé gogoro rẹ̀ sì jọ ilé agogo àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé ìtàn rẹ̀ kan Nàìjíríà níbì kankan?

Ó kàn án, nípasẹ̀ ọkùnrin kan: Hugh Clifford. Ọmọdé ni Clifford nígbà tó dé ilẹ̀ Màláyù ní 1883. Ní 1887, wọ́n rán an lọ sí Pahang, ìlú tó bá Johor pààlà, láti lọ yí Sultan Ahmad lọ́kàn padà kó gba àwọn Gẹ̀ẹ́sì láyè. Abu Bakar náà bá wọn dá sí i, ó sì gba Ahmad níyànjú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ajẹ́lẹ̀ wọ Pahang. Clifford yìí kan náà ló di Gómìnà Nàìjíríà láti 1919 sí 1925, òfin 1922 tó jẹ́ kí Èkó yan aṣojú mẹ́ta tí Calabar sì yan ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Láti ibẹ̀, ó lọ ṣe gómìnà ní Ceylon, tí wọ́n ń pè ní Sri Lanka báyìí, kó tó padà lọ ṣe gómìnà ní Síńgápọ̀ ní 1927.

Ẹni tó bá sì fẹ́ wo ọjọ́: ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni wọ́n mú Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó gbé Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkọ̀ ogun sì wà lórí ọ̀sà. Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni Abu Bakar gorí oyè ní Johor.

Ṣé ọmọ ọba ni Abu Bakar lóòótọ́, àbí ìjòyè tó gba ìtẹ́?

Àwọn tó wà ní Riau àti ìdílé Sultan Ali kò yé sọ pé Temenggong ni, pé kò sí bó ṣe lè jẹ́ Sultan. Ìdáhùn ìhà tirẹ̀ ni pé ìdílé Temenggong àti ìdílé Bendahara jọ ti ọ̀dọ̀ Sultan Abdul Jalil wá ni, ẹni tó jọba ní 1699 lẹ́yìn tí wọ́n pa Sultan Mahmud mìíràn tí kò bímọ tó lè jogún rẹ̀. Abdul Jalil fúnra rẹ̀, Bendahara ni kó tó jọba.

Lójú tèmi, ẹ̀jẹ̀ ọba wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yẹn ló gbé e dórí ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ní in ju òun lọ tí wọ́n kú láìní ilẹ̀.

Ṣé Johor dá dúró lóòótọ́, àbí orúkọ lásán ni?

Ó jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1885, nítorí náà kò dá dúró tán. Ṣùgbọ́n owó orí rẹ̀, kóòtù rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ará Johor. Nígbà tí wọ́n so Perak, Selangor, Negeri Sembilan àti Pahang pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan ní 1896, Johor kò sí níbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀, Ibrahim, ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ló gorí ìtẹ́. Kò ní sùúrù bàbá rẹ̀, owó sì ń dun ìlú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ rí i pé wọ́n yọ Abdul Rahman Andak kúrò ní 1909. Ní 1914, Ibrahim gba Olùdámọ̀ràn Àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ di dandan. Johor ló kẹ́yìn gbogbo ìpínlẹ̀ Màláyù láti gbà bẹ́ẹ̀, ogójì ọdún gbáko lẹ́yìn Perak.

Ta ló wà lórí ìtẹ́ náà báyìí?

Sultan Ibrahim Iskandar, tó jẹ́ ìran kẹrin sí Abu Bakar. Ọba mẹ́sàn-án tó wà ní Màléṣíà máa ń yan ọ̀kan nínú ara wọn ṣe olórí orílẹ̀-èdè fún ọdún márùn-ún-márùn-ún, òun ló sì gba ipò náà lọ́jọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2024. Ọmọ rẹ̀, Tunku Ismail, ló ń bójú tó Johor fún un.